Rárá, Dájúdájú

Wọ́n ní mo dájú. Bí ẹ bá dé Ìjẹ̀bú-Igbó tí ẹ dárúkọ Nimotalahi ọmọ Bashiru olóko obì, ẹ ó rí ẹni tí yóò sọ fún yín pé ọmọ náà fi Òyìnbó bú ààfáà lọ́jọ́ yìgì rẹ̀. N kò bú ààfáà kankan. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo sọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló tú u fún wọn, gbogbo ilé ló sì gbọ́. Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí.

Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ Tíṣà Ọlátúbọ̀sún ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún tí wọ́n ń pariwo pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n wá sí Ìbàdàn. Mo ti ka Ìwé Mẹ́fà nígbà náà. Bàbá mi ní ìyẹn tó obìnrin, ó fi mí sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ. Èmi ní tèmi fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń dán èèyàn wò kó tó wọlé. Nítorí náà, bí a bá ti kírun Aláásárì tán, èmi àti Ọmọ́títí, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, á gba ẹ̀yìn ọjà lọ sí kíláàsì. Ìyá mi mọ̀. Bàbá mi rò pé ọ̀gá wa ló ń dá wa dúró.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà ya àkàbà gàgàrà kan sára pátákó. Ó ní Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ fún bí nǹkan ṣe dá èèyàn lójú tó. Ó kọ "perhaps" sí ẹsẹ̀ àkàbà, ó ní bóyá nìyẹn. Ó kọ "probably" sí àárín, ó ní ìyẹn ni kí ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí èèyàn má tíì lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó wá kọ "certainly" sókè téńté. Dájúdájú. Àpẹẹrẹ tó fi sábẹ́ rẹ̀ ni pé òjò yóò rọ̀ lọ́la, dájúdájú.

Mo nawọ́. "Tíṣà, ẹ ò fi in ṣáà Allāhu sí i."

"Síbo?"

"Sí òjò ọ̀la. Ta ni yóò la ẹnu sọ pé òjò á rọ̀ lọ́la láìfi ti Ọlọ́run sí i?"

Tíṣà ní kò sí in ṣáà Allāhu nínú ìwé gírámà tó wà lọ́wọ́ òun. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín sí mi. Ìgbà náà ni ọkùnrin kan dìde lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ẹ̀rún pákó ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Aládùúrà lèmi. Wòlíì wa fúnra rẹ̀, bó bá rí ìran tán, á ní 'bí Olúwa bá fẹ́.' Òtítọ́ ni arábìnrin yìí sọ."

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Tíṣà wo èmi, ó wo ọkùnrin náà, ó ní kí a máa fi ti Ọlọ́run sọ́kàn nígbà tí a bá ń kọ ọ́, kí a má kàn kọ ọ́ síwájú olùdánwò. Bí mo ṣe mọ Japheth nìyẹn.

Ọmọ Òde-Omi ni, etí ọ̀sà. Ó wá ṣiṣẹ́ nílé ìlagi ní ìlú wa, òun ló ń fi òòlù lu òǹtẹ̀ sí ìdí igi gẹdú kí wọ́n tó là á. Iṣẹ́ gáàdì fọ́rẹ́sítì ló ń wá, wọ́n sì ti sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bá bi í. Ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú omi.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sìn wá sọ́nà, ó dúró lẹ́yìn ọjà, ó yọ fìlà, ó ní, "Nimota, perhaps I love you."

Ẹ gbọ́ mi o. Bóyá. Bóyá ó fẹ́ràn mi. Ọmọ́títí ti ń fi ìborùn bo ẹnu.

"Perhaps kẹ̀, Bùrọ̀dá Japheth? Ẹ padà sílé ẹ lọ rò ó dáadáa. Nígbà tí ẹ bá mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ràn mi tàbí ẹ ò fẹ́ràn mi, ẹ wá sọ fún mi."

"Mi ò fẹ́ dá ara mi lójú jù ni," ó ní. "Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn tìrẹ."

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì lẹ́nu iṣẹ́, mo rán apá aṣọ kan mọ́ ibi tí ọrùn yẹ kó wà, ọ̀gá mi sì bá mi wí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Japheth gòkè díẹ̀, ó ní "probably." Mo ní kó máa gùn lọ. Ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ ń ká obì ló tó dúró níwájú mi, tó wo ojú mi, tó sì ní "certainly." Ó sáré fi kún un pé, "Bí Olúwa bá fẹ́."

"In ṣáà Allāhu," mo ní, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé pé wọ́n ń dúró dè mí nílé.

Nígbà tó yá, ó fẹ́ kí n rí ìyá rẹ̀. Àǹtí Ọmọ́títí máa ń lọ ra ẹja gbígbẹ ní Òde-Omi, ó mú wa dání. A wọ lọ́rì gba Ibiade, a wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìyá Japheth ń yan ẹja nígbà tí a dé. Zipporah ni orúkọ rẹ̀, obìnrin gíga, kò wọ bàtà, aṣọ àdúrà rẹ̀ funfun wà lórí okùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó jẹ́ kí n kúnlẹ̀ pẹ́.

"Ìmàle ni ọ́," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."

"Ọmọ kan ṣoṣo tó kù mí kù nìyẹn. Bí o bá fẹ́ ẹ, ṣé wàá tẹ̀ lé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí o wọ funfun?"

Japheth ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á dìde kó gbá mi mọ́ra. Mo tún mọ̀ pé irọ́ ni màá pa.

"Rárá, màmá," mo ní. "Dájúdájú."

Ó gbé igi kan kúrò nínú iná. "Ọmọ yìí dájú o," ó sọ fún Àǹtí Ọmọ́títí. Lẹ́yìn náà ló wò mí. "Àwọn tó ti ní 'bẹ́ẹ̀ ni' sí mi ní etí omi yìí pọ̀, mi ò rí ẹ̀yìn wọn mọ́. Dìde, mú ẹja kan jẹ. Ṣé o ò ní sọ pé kí òun náà wá máa fi orí kanlẹ̀?"

"Rárá, màmá. Ìyẹn náà, dájúdájú."

Japheth fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ tó gbé wa padà. Ó ń wà á lọ títí a fi rí èbúté lókèèrè. Ó wá ní, "Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún ìyá mi yẹn, bàbá rẹ á bi èmi náà. Bí o ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an ni màá ṣe sọ ọ́. Mi ò ní yọ ọ̀kan, mi ò ní fi ọ̀kan kún un."

Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Bàbá mi kò fẹ́ kí wọ́n wá rárá. Ìyá mi ló bẹ̀ ẹ́, ó ní kí a kúkú gbọ́ tẹnu wọn, pé àwọn ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ onígbàgbọ́ ti ń fẹ́ra wọn ní ìlú wa látọjọ́, kò sì sí ẹni tí ilẹ̀ gbé mì. Bàbá mi gbà, ó ní ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n òun gbọ́dọ̀ jókòó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Bàbá Rùfáì. Ògbufọ̀ kóòtù ni kó tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Tápítà la ń pè é láàárín ara wa. Kò tíì sí ìgbà kan tó gbàgbé pé àwọn ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó ti bọ òun lọ́wọ́. Bó bá ń bọ́ ẹran, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń lé e.

Japheth wá pẹ̀lú àbúrò bàbá rẹ̀, Bàbá Zechariah, àti àwọn ará Ibiade mélòó kan. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni mo wà, èmi àti Ọmọ́títí. Wọ́n kí ara wọn kí ara wọn, wọ́n gbé obì kalẹ̀. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni Bàbá Rùfáì na ọ̀pá dí i lẹ́nu.

"Mo gbọ́ pé gáàdì ìjọba ni ọmọ yìí fẹ́ ṣe. Kó fi èdè ìjọba dá mi lóhùn, kí n mọ irú ẹni tó fẹ́ mú ọmọ wa lọ sínú ẹrẹ̀."

Bàbá Zechariah ní, "Dede wa, gbogbo wa pátá, la gbọ́ Yorùbá níhìn-ín, bàbá. Kí ni Òyìnbó fẹ́ ṣe níbi ọ̀rọ̀ ọmọ wa?"

"Bó bá gbọ́ ọ, kò léwu," Bàbá Rùfáì ní. Ó yí sí Japheth, ó fi Gẹ̀ẹ́sì gígùn bi í pé ṣé yóò fi agbára mú mi kúrò nínú ẹ̀sìn mi.

Mo rí Japheth láti ibi tí mo wà. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Mo rí i tó ń wá ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ìyá rẹ̀ níbi iná, tó ń kó o wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rárá. Dájúdájú. Ó gbórí sókè, ó sì sọ ọ́ jáde ketekete:

"Not certainly, sir."

Bàbá Rùfáì rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó yí sí bàbá mi bó ṣe máa ń yí sí adájọ́ láyé àtijọ́, ó ní, "Ó ní kò dájú."

"Kí ni kò dájú?"

"Mo bi í bóyá yóò fagbára mú ọmọ rẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kò dájú. Ìyẹn ni pé ó lè ṣe é, ó lè má ṣe é."

Bàbá mi dìde dúró. Japheth ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń fi Yorùbá sọ pé kì í ṣe ohun tí òun ní lọ́kàn nìyẹn, pé rárá lòun wí, rárá pátápátá. Bàbá Rùfáì ní ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ni ọ̀rọ̀, èyí tí èèyàn sọ lẹ́yìn tí ẹ̀rù bá ti bà á kò wọ ìwé kóòtù. Bàbá Zechariah gbé fìlà rẹ̀, ó ní òun kò rí irú èyí rí, kí àwọn Yorùbá máa ti ojú Òyìnbó wo ara wọn. Wọ́n lọ. Obì tí wọ́n gbé wá ṣì wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó pa á.

Mo fẹ́ jáde. Ìyá mi ló di ọwọ́ mi mú. Èmi náà kò tíì mọ̀ nígbà náà ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yẹn láàárín ẹnu Japheth àti etí bàbá mi. A kò tíì dé ibẹ̀ ní kíláàsì. Tíṣà ti kọ́ wa ní "certainly," ṣùgbọ́n kò tíì kọ́ wa ní bí a ṣe ń fi rárá mọ́ ọn tí ìjọba fi mú un lọ ṣiṣẹ́ ètò ìdìbò níbòmíràn. Yorùbá a máa sọ rárá kó tó sọ dájúdájú, a sì lè yí i padà, kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́ wa yé. Báwo ni Japheth ṣe fẹ́ mọ̀ pé ti Òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀?

Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò lọ. Japheth kò sí nílé ìlagi mọ́, wọ́n ní ó ti padà sí Òde-Omi. Lọ́jọ́ kan tí mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ nílé, bàbá mi wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní Mùbàṣírù, oníṣòwò gẹdú ní Àgọ́-Ìwòyè, ti wá tọrọ mi. Ó ní ó ní ìyàwó kan nílé, ṣùgbọ́n èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ìrun kì í gbé e. Ó ní ẹbí ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ni mo rí sọ?

N kò rí nǹkankan sọ. Mo ń yí ẹ̀rọ náà ni, mo ń yí i, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò lórí aṣọ kan náà. Bàbá mi dúró díẹ̀, ó ní "Alhamdulillāhi," ó jáde.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá mi wá bá mi. "Nimota, ọma mi, wọ́n ní wẹ ti gbà."

"Mo gbà kí ni?"

"Bàbá rẹ ní òun bi ọ́, wẹ dákẹ́. Ààfáà ní bí wúndíá bá dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn. Wọ́n ní ojú ló ń tì í."

"Ojú tì mí? Inú ló ń bí mi, màmá."

Mo lọ bá bàbá mi, mo sọ fún un. Ó ní ìgbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ ti kọjá, òun ti ránṣẹ́ sí Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Japheth sọ̀rọ̀, wọ́n ní ohun tó sọ kọ́ ló sọ. Èmi kò sọ nǹkankan, wọ́n ní mo sọ ọ́. Títí di òní, n kò tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi kó yé mi.

Nígbà tí Tíṣà Ọlátúbọ̀sún ti ibi ètò ìdìbò dé, mo lọ bá a. Mo sọ fún un ohun tí Japheth wí ní pálọ̀ wa. Ó fọwọ́ lérí. Ó mú ẹfun, ó kọ ọ́ lọ́nà méjì, ọ̀kan lókè èkejì. "'Not certainly,' kò dájú nìyẹn," ó ní. "'Certainly not,' rárá nìyẹn, dájúdájú, kò sí ohun tó lágbára jù ú lọ. Ibi tí o bá fi ọ̀rọ̀ kékeré yẹn sí ni gbogbo ẹ̀ wà."

Mo wò ó títí. Ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́tà kan náà.

N kò lọ sílé. Ilé Bàbá Rùfáì ni mo gbà lọ. Mo bá a lórí àga gbọọrọ níwájú ilé, mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fohùn tútù sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ mọ ohun tí Japheth fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ni kò ní mọ̀? Ọmọ Yorùbá ni mí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ògbufọ̀ kọ́ ni kó tú ohun tó wà nínú èèyàn. Ohun tí ẹnu bá sọ la ń tú. N kò yọ kúrò níbẹ̀ rí, n kò fi kún un rí, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Òyìnbó ti búra pé kò sí irú mi."

"Bó bá jẹ́ pé ẹnu mi ló sọ ọ́ ńkọ́?"

"Bí ẹnu rẹ bá sọ ọ́ bó ṣe yẹ, màá tú u bó ṣe yẹ," ó ní, ó sì di ojú rẹ̀ láti sùn.

Mo rán Ọmọ́títí sí Òde-Omi pẹ̀lú àǹtí rẹ̀. Mo ní kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjèèjì fún Japheth, kó sọ fún un pé wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì mi, kó bi í bóyá ó ṣì ń fẹ́ mi. Nígbà tó padà dé, ó kọ́kọ́ mu omi. Ó tún mu omi. Mo ní kó sọ ọ́.

"Ó ní 'perhaps.'"

"Perhaps kẹ̀?"

"Ó ní òun ò ní gun àkàbà yẹn mọ́ títí òun á fi mọ ibi tí òun ń gbẹ́sẹ̀ lé. Ó ní ojú ti ìyá òun láàárín ìjọ. Ó ń sunkún, Nimota."

Mo bínú sí Japheth lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe bínú sí gbogbo wọn lọ. Mo bínú, mo tún ń ro ojú rẹ̀ lórí ilẹ̀ pálọ̀ wa, níbi tó ti dọ̀bálẹ̀. Ṣé kí n torí bóyá ba orúkọ bàbá mi jẹ́ níwájú Àgọ́-Ìwòyè? Bí n kò bá rí Japheth, tí n kò rí Mùbàṣírù, kí ni mo fẹ́ wà fún? Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò ní bóyá nínú ni pé n kò fẹ́ ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ fún mi. Mo pinnu pé ìyẹn ni màá sọ, kí Japheth wá, kí Japheth má wá.

Ọjọ́ yìgì dé. Àwọn ará Àgọ́-Ìwòyè kún pálọ̀, wọ́n kún ìta. Tíṣà Ọlátúbọ̀sún wà lára àwọn àlejò, nítorí pé òun ló ń kọ́ ọmọ Mùbàṣírù tó ń kàwé ní ìlú wa. Àwọn ọmọ kíláàsì wa so mọ́ fèrèsé. Bí àṣà wa, ààfáà wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì láti bi mí bóyá mo gbà.

Ó bi mí. Gbogbo ilé dákẹ́, wọ́n ń dúró kí èmi náà dákẹ́. Mo rí i pé ààfáà ti ń yíjú padà, ó ti fẹ́ lọ sọ fún wọn pé mo ti gbà.

Bí mo bá fi Yorùbá sọ ọ́, mo mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ìyàwó á sunkún, ìyàwó á ní òun ò lọ, eré ìyàwó ni wọ́n máa pè é. Mo jáde síta kọ́tìnnì, mo gbé ohùn mi sókè kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo fẹ́ kó gbọ́.

"Certainly not."

"Kí ló wí?" ààfáà béèrè. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Gbogbo ojú yí sí Bàbá Rùfáì, níbi tó jókòó sí nínú agbádá tuntun. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo bàbá mi. Ó wo Tíṣà. Ó wo àwọn ọmọ tó wà ní fèrèsé, tí gbogbo wọn ti gbọ́ ọ, tí Tíṣà sì ti kọ́ wọn ní ohun tó jẹ́. Èmi náà ń wò ó. N kò mójú kúrò lára rẹ̀.

"Ó ní rárá," Bàbá Rùfáì sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ kéré. "Dájúdájú."

Ààfáà pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní yìgì kì í so lórí rárá. Mùbàṣírù dìde, ó wá sọ́dọ̀ mi, n kò sì ní parọ́ mọ́ ọn, èèyàn gidi ni. Ó ní, "Wọ́n sọ fún mi pé o ti gbà." Mo ní, "Wọn kò bi mí kí n dáhùn, sà." Ó mi orí, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n lọ.

Bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo kí i láàárọ̀, kò dáhùn. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́, kò ní wò mí. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. A wà bẹ́ẹ̀ títí obì tún fi tó ká. Inú mi bàjẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, nítorí mo fẹ́ràn bàbá mi. Nígbà tó ṣe, inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a níbi tó ti ń bó obì lẹ́yìnkùnlé, ìyá mi sì wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ ránṣẹ́ sí Japheth kó wá tọrọ mi padà. Mo ń bi yín bóyá ẹ gbà."

Kò sọ nǹkankan. Ó ń bó obì lọ.

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Ẹ sọ fún mi pé bí a bá bi èèyàn tó sì dákẹ́, ó ti gbà. Mo ti bi yín. Ẹ ti dákẹ́."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí obì. Ìyá mi yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Bàbá mi wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ le, ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́. Ó mú obì mìíràn.

"Alhamdulillāhi," mo ní, mo dìde, mo lọ wá Ọmọ́títí.

Iṣẹ́ tí mo rán sí Japheth kò gùn. Mo ní kó sọ fún un ohun tí mo sọ níwájú gbogbo Àgọ́-Ìwòyè, àti pé n kò mọ̀ nígbà tí mo sọ ọ́ bóyá ó ń bọ̀. Ọmọ́títí ní nígbà tí òun sọ ọ́ tán, Màmá Zipporah ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní kí Japheth wẹ̀, kó wọ aṣọ.

Wọ́n dé pálọ̀ wa kan náà. Bàbá Zechariah wá, ojú rẹ̀ kò tíì rọ̀. Màmá Zipporah jókòó tì í láìwọ bàtà. Bàbá Rùfáì wà níbẹ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí n kò dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi níbi tí gbogbo wọn ti rí mi.

Bàbá mi ló sọ̀rọ̀, Yorùbá ló sì fi sọ ọ́. "Japheth, bí mo bá fún ọ ní ọmọ mi, ṣé wàá fi agbára mú un kúrò nínú ẹ̀sìn rẹ̀?"

Japheth dọ̀bálẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó wo bàbá mi.

"Rárá, bàbá," ó ní. "Dájúdájú."

Bàbá Rùfáì tún ọ̀fun ṣe. Ó ti na ọ̀pá rẹ̀ síwájú, ó ti la ẹnu.

"A ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi," bàbá mi ní.

Ó wá yíjú sí mi.

"Nimota, ìwọ ńkọ́?" ó ní. "Jọ̀ọ́, má dákẹ́ o."

"Mo gbà, bàbá. Dájúdájú," mo ní, mo sọ ọ́ kó dé ìta.